Sẹ́ẹ̀lì Kò Mọ Ọdún Àjíǹde

Aago méjìlá ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, ilé ìwòsàn ńlá kan ní Oslo sì ti dá páro, nítorí orí òkè oníyìnyín ni àwọn ará ibẹ̀ ti máa ń ṣọdún yìí. Àwọn tó kù níbẹ̀ kò ju aláìsàn àti àwọn tí ìbò iṣẹ́ mú. Solfrid Tveiten dúró síwájú pátákó iṣẹ́ tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ Ọjọ́ Ẹtì Rere nígbà kẹta, bó sì ṣe ń kà á ni inú ń bí i sí i. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀. Ìkejì jẹ́ ti Eskil Brandvold, Eskil tó di ọsàn àti ṣokoléètì sínú àpò láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó so igi síkì tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín mọ́ orí mọ́tò, tó sì ti kọrí sí ahéré àwọn àna rẹ̀ lórí òkè.

"Màá pa ọkùnrin yìí," ó sọ fún ògiri.

Iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé, ṣíṣe rẹ̀ ló ṣòro. Inú ẹ̀jẹ̀ kálukú wa ni àwọn ọmọ ogun wà, sẹ́ẹ̀lì T ni orúkọ wọn. Wọ́n lágbára, wọn kì í sì í sá, ṣùgbọ́n wọn kì í dá olè mọ̀ bí olè náà bá wọ aṣọ ọmọ ilé, bẹ́ẹ̀ ohun tí jẹjẹrẹ ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà tí ara wọn yọ ẹ̀ka bí igi. Àwọn dókítà ń pè wọ́n ní dẹndirítíìkì, Solfrid àti Eskil ń pè wọ́n ní olùkọ́, nítorí iṣẹ́ tiwọn ni láti fi ojú olè han ọmọ ogun, kí wọ́n ní, "Òun nìyí, ẹ mú un." Inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni wọ́n ti ń ṣà wọ́n. Wọn á tọ́ wọn fún ọjọ́ méje nínú àpótí olóoru. Ní ọjọ́ keje wọn á fi iná mànàmáná ta wọ́n pẹ́rẹ́, ara wọn á ṣí fún àkókò tí kò tó ìpajú, lẹ́tà, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ olè tí wọ́n dà kọ láti inú kókó jẹjẹrẹ aláìsàn náà, á sì wọ inú wọn lọ. Láti ìgbà yẹn, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan á máa gbé àwòrán olè náà kiri. Wọn á wá fi abẹ́rẹ́ dá wọn padà sára ẹni tó ni wọ́n.

Ọjọ́ keje ni o, kì í ṣe ọjọ́ kẹjọ. Bó bá di ọjọ́ kẹwàá, kí wọ́n kó wọn dànù. Òfin kan sì tún wà lórí rẹ̀ pé ẹnì kan kì í dá a ṣe. Bí ọ̀kan bá ń fọwọ́ ṣe é, èkejì gbọ́dọ̀ máa ka ìlànà sókè, kó máa fi ojú ara rẹ̀ rí i, kó sì buwọ́ lù ú. Àpò tí kò bá ní ìbuwọ́lù méjì, inú pàǹtí ló ń lọ. Ẹni mẹ́ta péré ló sì gba àṣẹ láti wọ yàrá mímọ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìkẹta wọn wà nílé, ó ń fún ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́mú.

Ẹni tó ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú àpótí lọ́sẹ̀ yẹn ni Arnfinn Myrvang, apẹja ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta láti àríwá pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń sá pánla sórí igi kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Wọ́n ti yọ kókó kúrò nínú ọpọlọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ṣẹ́ kù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè gba irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀, nítorí pé oògùn líle tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lò lẹ́yìn ọdún Àjíǹde á pa èyí tó bá kù run. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà, ó gbé odindi pánla gbígbẹ mẹ́rin wá fún àwọn òṣìṣẹ́, òórùn rẹ̀ sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ó bi Solfrid bóyá òun lè rí àwọn sẹ́ẹ̀lì òun. Solfrid jẹ́ kó yọjú wò wọ́n nínú awò tó ń sọ kékeré di ńlá.

"Wọ́n mà kéré o," Arnfinn sọ. "Ìgbà wo ni wọ́n á gbọ́n?"

"Ọjọ́ méje."

"Ọjọ́ méje ni èmi náà ń lò lójú òkun kí n tó rílé. Bá mi bójú tó wọn, arábìnrin. Mi ò ní òmíràn."

Solfrid ní òun á bójú tó wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó tẹ fóònù pe Ditlev Holte, ọ̀gá ẹ̀ka wọn, tí òun náà ti wà ní ahéré tirẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé.

"Ditlev, ta ni yóò bá mi wọ yàrá mímọ́ ní Fúráìdè?"

"Eskil ni. Mo kọ ọ́ síbẹ̀."

"Eskil ti lọ sórí òkè."

"Háà. Pè é nígbà náà."

"Inú mọ́tò ló máa ń fi fóònù sí, ìsàlẹ̀ òkè ló sì máa ń fi mọ́tò sí. Gbogbo wa la mọ̀. Ọdọọdún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Solfrid ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn èèyàn lẹ́yìn Ditlev nínú fóònù, ẹnì kan ń béèrè ibi tí ìda tí wọ́n ń fi pa síkì wà. Ditlev wúkọ́ díẹ̀.

"Ṣé kò lè dúró di Túsìdè ni? Ọjọ́ mẹ́rin péré mà ni."

"Sẹ́ẹ̀lì ò mọ ọdún Àjíǹde, Ditlev! Bí àwọn wọ̀nyí bá kú, wọn ò ní jí ní ọjọ́ kẹta!"

"Má pariwo mọ́ mi, jọ̀ọ́."

"Ta ló sún gbígba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yẹn láti Túsìdè sí Fúráìdè? Ṣé èmi ni?"

Àwọn méjèèjì ló mọ ìdí rẹ̀. Ní Túsìdè yẹn, Ditlev wà ní Copenhagen, ó ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, kò sì fẹ́ kí ayàwòrán ìwé ìròyìn ilé ìwòsàn ya àwòrán apẹja tó wá láti òpin ilẹ̀ láìsí òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sún ọjọ́ náà síwájú lọ́jọ́ mẹ́ta. Ọ̀mọ̀wé tó lè ka iye sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ìkán ẹ̀jẹ̀ kan kò lè fi ìka ọwọ́ ka ọjọ́ méje kó rí i pé orí Ọjọ́ Ẹtì Rere ló bọ́ sí.

"Wá ọgbọ́n dá sí i, Solfrid," ó sọ níkẹyìn. "O mọ̀ ọ́n ṣe."

O mọ̀ ọ́n ṣe! Ọdún mọ́kànlá ni Solfrid ti ń gbọ́ gbólóhùn yẹn. Bí ọ̀gá bá da omi nù, "o mọ̀ ọ́n ṣe" ni aṣọ ìnulẹ̀ tó ń jù sí i. Ó pa fóònù náà láìdágbére, ó lọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ní oúnjẹ wọn láti ẹnu ihò tí wọ́n ń gbà nawọ́ sí wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ìbínú náà ò tíì rọlẹ̀, ńṣe ló tún sùn jí dìde. Ó ti wá kúrò lórí Ditlev, ó ti bà lé Eskil. Èwo ni ká fi fóònù sílẹ̀ nínú mọ́tò bí ẹni tó ti kú? Ó gbé síkì, ó gbé omi, ó mú dígí ojú dúdú. Ó pa ilẹ̀kùn gbàgà débi pé apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dojú dé, ìpara oòrùn tó wà nínú rẹ̀ sì yí lọ sábẹ́ àga. Kò wẹ̀yìn.

Ó wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́ta dé ìsàlẹ̀ òkè tí Eskil wà, ó gun síkì fún wákàtí méjì. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí kùrukùru kan, oòrùn ń bọ̀ láti òkè, yìnyín ń dá a padà láti ìsàlẹ̀. Lójú ọ̀nà, àwọn ìdílé ti gbẹ́ kòtò sínú yìnyín, wọ́n jókòó sínú rẹ̀, wọ́n kọjú sí oòrùn, wọ́n ń bó ọsàn. Àwọn tí wọn kì í wo ẹnikẹ́ni lójú nínú bọ́ọ̀sì ní Oslo, gbogbo wọn ló ń kí i.

"Kú ọdún o! Oòrùn yìí dára, àbí?"

Solfrid ń to èébú tó fẹ́ bu Eskil jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pààrọ̀ èyí tí kò bá dùn tó. Nígbà tó fi máa rí òrùlé ahéré náà, ó ti ní tó mẹ́tàdínlógún.

Àwọn àna Eskil jókòó lórí ìjókòó gígùn kan lára ògiri tó kọjú sí oòrùn, ojú wọn pọ́n, ó ń dán. Eskil nìkan kò sí láàárín wọn. Ẹ̀yìn ilé, nínú òjìji, ló wà, ó dé akẹtẹ̀ ńlá kan, ojú rẹ̀ funfun báláú bí ẹni tó dojú bọ inú ìyẹ̀fun. Bó ṣe rí Solfrid, ó dìde.

"Solfrid? Ta ló kú?"

"Kò tíì kú! Ìwọ lo fẹ́ pa á! Ìwọ alápò ọsàn yìí, ìwọ asáfóònù-bí-asínwín, Ọjọ́ Ẹtì la máa fi lẹ́tà sínú sẹ́ẹ̀lì Arnfinn, orúkọ rẹ wà lórí pátákó, o wá jókòó síbí!"

"Ẹtì wo? Ẹtì ọ̀la?"

"Ditlev kọ ọ́ síbẹ̀!"

"Ditlev yẹn náà ló buwọ́ lu ìsinmi mi ní oṣù kìíní. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi." Eskil tú okùn akẹtẹ̀ rẹ̀. "Ìgbà wo ló kọ ọ́?"

Èébú tó kù kú sí Solfrid lẹ́nu. Kò mọ ìgbà tí Ditlev kọ ọ́. Ó lè jẹ́ Ọjọ́ Ajé gan-an, bó ṣe ń jáde lọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́.

"Kí lo wá ń fi ojú ṣe bíi egúngún báyìí?" ó bi í, nítorí ó gbọ́dọ̀ fi ìbínú náà ṣe nǹkan kan.

"Ẹ bá mi bi í!" bàbá ìyàwó Eskil pariwo láti ẹ̀yìn. "Láti àná tó ti dé ló ti ń sá fún oòrùn bí òwìwí. Mi ò mọ irú àna tí mo ní!"

"Ìwọ lo fà á," Eskil sọ fún Solfrid. Ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O ti gbàgbé ni?"

Solfrid kò gbàgbé. Lọ́dún tó kọjá, Eskil ti orí òkè dé pẹ̀lú awọ imú tó ń bó, ó fẹ́ wọ yàrá mímọ́, Solfrid sì dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà lójú gbogbo wọn. Ẹni tí awọ rẹ̀ bá ń bó kì í wọ ibẹ̀, òfin ni, nítorí ìbòjú kì í gba gbogbo ohun tó ń já bọ́ lára èèyàn. "Èépá rẹ kan ṣoṣo tó bá kó sínú àpò yẹn, ẹlòmíràn ló máa fi orí rẹ̀ san án," ó sọ fún un, ó sì lé e lọ sílé fún ọjọ́ márùn-ún. Ìtìjú náà kò kúrò lára Eskil. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi ìpara bojú bí ẹni rẹ́ ilé.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Eskil fi di ẹrù. Àwọn méjèèjì gun síkì padà lójú oòrùn ọ̀sán, wọ́n sì dé ìdí mọ́tò Solfrid kí oòrùn tó rọ̀.

"Imú rẹ ń pọ́n," Eskil sọ nígbà tí wọ́n ti rìn díẹ̀.

"Jẹ́ kí n wa ọkọ̀ mi."

"Ètè rẹ náà."

"Eskil, mo ní jẹ́ kí n wa ọkọ̀ mi!"

Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì Rere, wọ́n dúró síwájú dígí ńlá tó wà níbi ìpààrọ̀ aṣọ. Àṣà wọn ni pé kálukú á yẹ ojú ẹnì kejì wò kí wọ́n tó wọ aṣọ funfun. Solfrid wo Eskil, ojú rẹ̀ dán bí ojú ọmọ tuntun. Eskil wo Solfrid, ó wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ó gbé ojú kúrò.

Kò sí ohun tí Eskil fẹ́ sọ fún un tí Solfrid fúnra rẹ̀ kò tíì rí nílé láàárọ̀. Orí imú rẹ̀ ti lé ròrò, ròrò náà ti bẹ́, omi ń ṣẹ́ lára rẹ̀. Ètè rẹ̀ òkè ti là.

"Ìbòjú máa bò ó," Solfrid sọ.

Eskil mi orí.

"Mo ní ìbòjú máa bò ó! Méjì ni màá wọ̀."

"Solfrid."

"Má pè mí ní Solfrid! Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí yẹn! Kí ni kí n ṣe, kí n lọ jókòó kí n máa bó ọsàn?"

"Sọ ohun tó o sọ fún mi lọ́dún tó kọjá," Eskil sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bó o bá lè sọ ọ́ tán, wọlé."

Kò lè sọ ọ́ tán. Kò tilẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ta garawa pàǹtí nípàá, garawa náà sáré lọ kọlu ilẹ̀kùn, Solfrid sì bú sẹ́kún. Ẹkún ìbínú ni, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ń ta á lójú egbò. Ó bínú sí Ditlev, ó bínú sí oòrùn, ó bínú sí gbogbo àwọn tó ń kí i kú ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú dígí níwájú rẹ̀ ló bínú sí jù. Òun tó ń lé èèyàn lọ sílé nítorí awọ imú ló rìn wákàtí mẹ́rin lórí yìnyín láìfi nǹkan kan para, nítorí pé ó ń to èébú jọ.

Ó pe Ditlev. Ditlev gbé e lẹ́ẹ̀kẹrin, ọsàn wà lẹ́nu rẹ̀. Solfrid sọ bí nǹkan ṣe rí fún un láìfi ọ̀kan pa mọ́.

"Ṣé imú nìkan ni?" Ditlev bi í. "Fi ìbòjú bò ó, kó o wọlé. Ta ni yóò mọ̀?"

Ohun tí òun gan-an ń jà fún ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ti ẹnu Ditlev jáde wẹ́rẹ́, pẹ̀lú ọsàn lẹ́nu, ó rí Solfrid lára. Ó rí bó ṣe máa ń rọrùn tó láti pa èèyàn bí kì í bá ṣe ojú ẹni ni yóò kú sí.

"Arnfinn ni yóò mọ̀," ó sọ, ó sì pa fóònù náà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè pè. Gudveig Aasland ni apòògùn àgbà tó máa ń buwọ́ lu àpò kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, obìnrin tó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì, tí kò sẹ́ni tí kò bẹ̀rù rẹ̀. Orúnkún kò jẹ́ kó lè gun òkè mọ́, ìgboro ló ti ń ṣọdún. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìparí, ó ní kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan nǹkan kan. Kò pẹ́ tó fi dé, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, ife kọfí olóoru lọ́wọ́ kejì.

Ó gbé àgbọ̀n Solfrid sókè, ó yẹ imú rẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì.

"Òkò àbínújù kì í pẹyẹ," ó sọ. "O ju òkò lu Ditlev, imú ara rẹ ló bà."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ sọ ohun tí a máa ṣe fún mi."

"Mo ti ń sọ ọ́ bọ̀. Òfin fẹ́ ojú méjì tó rí i àti ọwọ́ méjì tó buwọ́ lù ú. Ojú rẹ kò bó, imú rẹ ló bó." Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí dígí fífẹ̀ tó wà lára ògiri yàrá mímọ́ náà. "Ìwọ dúró síbí. Kà á fún un nínú ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀, kó o sì wo ọwọ́ rẹ̀. Èmi á dúró tì ọ́ láti wo ìwọ náà. A ò ṣe irú rẹ̀ rí, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, gbogbo rẹ̀, bó ṣe jẹ́. Ẹni tó sún ọjọ́, ẹni tó buwọ́ lu ìsinmi, ẹni tó ní kó o wọlé. Imú rẹ náà."

"Imú mi?"

"Imú rẹ pàápàá. Bó o bá yọ tìrẹ kúrò, ta ló máa gba tàwọn yòókù gbọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Eskil wọlé nìkan, ó fi aṣọ funfun bo ara rẹ̀ títí tó fi ku ojú. Solfrid fi iwájú orí kan dígí, ó di ìwé ìlànà mú, ó ń ka ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Bó ṣe ń ka nǹkan ni Eskil ń tún un sọ, kó tó fọwọ́ kàn án.

"Ìgò kẹrin."

"Ìgò kẹrin."

"Lẹ́tà ti wọlé."

"Lẹ́tà ti wọlé."

"Iná."

"Iná."

Ẹ̀rọ náà á dún tá, bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná ta àwo. Gbogbo ariwo tí iṣẹ́ náà ń pa kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ló dún, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni Solfrid sé èémí. Ètè rẹ̀ là sí i bó ṣe ń kàwé, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kán sórí ìwé ìlànà náà. Gudveig fa ìlà yí ẹ̀jẹ̀ náà ká, ó kọ ọjọ́ àti aago sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n ka àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lọ́sàn-án, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wà láàyè. Méje ni òfin ń béèrè.

Ní ọjọ́ Àjíǹde gan-an, tí agogo ìjọ ń lù kárí ìgboro, àwọn mẹ́ta náà tún padà wá láti kó wọn sínú òtútù.

Ditlev dé ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ ń dán bí bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó ti ka ìwé náà. Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Solfrid, ṣé ó wá pọn dandan kó o kọ ohun tí mo sọ lórí fóònù síbẹ̀?"

"Ṣé irọ́ ni?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Inú ìsinmi ni mo wà."

"Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé irọ́ ni, kó o buwọ́ lù ú."

Kò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí ìpàdé kan, ohun tó sì dá lé lórí ni bí òṣìṣẹ́ yàrá mímọ́ ṣe gbọ́dọ̀ máa lo ìpara oòrùn. Wákàtí kan gbáko! Ó fi àwòrán ara ògiri ṣàlàyé rẹ̀. Kò mẹ́nu kan ọjọ́ tí wọ́n sún, kò mẹ́nu kan ìsinmi tó buwọ́ lù. Solfrid jókòó síwájú pátápátá pẹ̀lú imú rẹ̀, kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí ó fi parí.

Gudveig buwọ́ lu àpò náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Solfrid fúnra rẹ̀ gbé ìgò àkọ́kọ́ inú rẹ̀ gun òkè lọ sí yàrá Arnfinn. Ó yọ́ ọ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sì fà á sínú abẹ́rẹ́ fún nọ́ọ̀sì. Láti ìgbà tí ó bá ti yọ́, kò gbọdọ̀ pẹ́ kó tó wọ ara. Bí olùkọ́ inú rẹ̀ yóò bá rí ọmọ ogun tó máa gbọ́ràn, kò sẹ́ni tó mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè búra fún Arnfinn. Ṣùgbọ́n wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàyè, wọ́n sì gbé ojú olè rẹ̀ dání.

Ditlev ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, òun àti ayàwòrán. Ó ti gbé ọwọ́ lé èjìká apẹja náà.

Arnfinn ti rù sí i, irun ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ ti lọ. Ó gbójú sókè, ó rí Solfrid, ó rí ojú rẹ̀ tí oòrùn ti sọ dúdú àti awọ tuntun tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú lórí imú rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ́ lójú rẹ̀.

"Áà, arábìnrin mi!" ó sọ. "Ìwọ mà gbádùn ọdún Àjíǹde o! Èmi wà níhìn-ín, mò ń wo òrùlé, ìwọ ń yáàrùn lórí òkè!"

"Solfrid?" Ditlev rẹ́rìn-ín gan-an. "Kò sí ohun tó fẹ́ràn bí òkè."

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀fun Solfrid, ó gbóná, ó tó láti jó ilé kan. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, Copenhagen, ọsàn, ta ni yóò mọ̀. Ó wo abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó wo aago. Ó wo ojú Arnfinn tó ń rẹ́rìn-ín nítorí tirẹ̀, tí inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn pé ẹnì kan rí oòrùn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Oòrùn mú gan-an," ó sọ. "Ẹ ká aṣọ yín sókè."

Ayàwòrán gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sójú. Ditlev fi ọwọ́ ṣe àmì sí Solfrid pé kó sún díẹ̀ kúrò nínú àwòrán náà, ó ṣe é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Arnfinn ló di ọwọ́ Solfrid mú, ọwọ́ apẹja tó le bí okùn, kò sì jẹ́ kó lọ.

"Fi í sílẹ̀ kó dúró síbí," ó sọ fún Ditlev. "Ó yẹ kí ẹnì kan wà nínú àwòrán náà tó ṣọdún."

Solfrid kò sún.